Lẹ́tà Ọdún 2014: Bí Ẹgbẹ́ Aráàlú Ṣe Gbé Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ Kòréà Gúúsù Dé Iwájú Ìgbìmọ̀ Àwọn Onímọ̀

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, ìjọba Kòréà Gúúsù fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Jeongyojo pé òfin kò kà wọ́n sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tó nǹkan bí 60,000. Ohun tí ìjọba rí wí sí wọn ni pé olùkọ́ 9 tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣì wà nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà kò sì gbà láti yọ orúkọ wọn. Òfin tí ó ń darí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílẹ̀ náà sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá gba ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́ra, a kò gbọdọ̀ kà á sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tí wọ́n bá sì ti lé lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ lójú òfin yẹn. Nítorí ẹni mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ tí ó ti wà láti ọdún 1989 di ohun tí kò sí lójú ìjọba.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, kí ló kan ará Yúróòpù níbẹ̀? Ohun tó kàn wọ́n wà nínú ìwé kan tí Kòréà Gúúsù àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, ti fọwọ́ sí ní Brussels ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2010. Àdéhùn òwò ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ìgbà díẹ̀ láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2011, kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 2015. Púpọ̀ nínú àdéhùn náà dá lórí owó ibodè, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, oògùn, ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ìfowópamọ́, gẹ́gẹ́ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n orí kẹtàlá rẹ̀ yàtọ̀. Orí náà sọ̀rọ̀ nípa òwò àti ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́, ó sì wà lára àwọn ìdí tí wọ́n fi ka àdéhùn Kòréà sí àkọ́kọ́ nínú ìran tuntun àwọn àdéhùn òwò EU.

Gbólóhùn méjì nínú Abala 13.4 ni gbogbo ẹjọ́ tí ó ń bọ̀ yóò dá lé. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ mẹ́rin tí àjọ náà kéde ní ọdún 1998, wọn yóò gbé wọn lárugẹ, wọn yóò sì mú wọn ṣẹ nínú òfin àti nínú ìṣe wọn: òmìnira láti kó ẹgbẹ́ jọ àti láti dúnàádúrà ní àpapọ̀, fífi òpin sí iṣẹ́ tipátipá, fífi òpin sí fífi ọmọdé ṣiṣẹ́, àti àìṣe ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́. Nínú gbólóhùn kejì, wọ́n ní àwọn yóò máa sapá láìdáwọ́ dúró láti buwọ́ lu àwọn ìwé àdéhùn ìpìlẹ̀ ILO. Kòréà Gúúsù ti di ọmọ ILO láti oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Nínú ìwé àdéhùn ìpìlẹ̀ mẹ́jọ tí ILO ní nígbà náà, mẹ́rin péré ni ó ti buwọ́ lù. Nọ́ńbà 87 ti ọdún 1948 àti nọ́ńbà 98 ti ọdún 1949, tí wọ́n dá lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìdúnàádúrà, kò sí lára wọn. Nọ́ńbà 29 àti 105, tí wọ́n dá lórí iṣẹ́ tipátipá, kò sí lára wọn náà.

Ohun tó mú kí orí kẹtàlá yìí jẹ́ ti aráàlú pẹ̀lú ni Abala 13.12 àti 13.13. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dá Ẹgbẹ́ Olùdámọ̀ràn Abẹ́lé sílẹ̀, kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn aṣojú agbanisíṣẹ́ àti àwọn tí ń jà fún àyíká wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n tó dọ́gba, kí àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ́ tó dá dúró, tí kì í ṣe ti ìjọba. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ méjèèjì yóò pàdé ní Àpérò Ẹgbẹ́ Aráàlú láti jíròrò bí àdéhùn náà ṣe ń lọ. Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ajé àti Àwùjọ ti Yúróòpù ni ó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún ti EU. Abala 13.14 tún fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí: Ẹgbẹ́ Olùdámọ̀ràn lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí ìjọba tirẹ̀ tàbí sí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àdéhùn náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó kọ̀wé. Ẹ̀tọ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí a ti kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí gbọ́dọ̀ fèsì, kò sì sí ọjọ́ tí a dá fún èsì náà. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kán nìyẹn, nítorí náà ni mo ṣe dúró lé e lórí.

Ní oṣù Kìíní, ọdún 2014, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gba orúkọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, Ẹgbẹ́ Olùdámọ̀ràn ti EU lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Karel De Gucht, kọ́mísọ́nnà tí ó ń bójú tó òwò, pé kí EU pe Kòréà Gúúsù sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ìjọba sí ìjọba, èyí tí ó jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ètò yíyanjú aáwọ̀ tí ó wà nínú orí kẹtàlá. Kí a rántí pé kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó kọ lẹ́tà yẹn. Àwọn agbanisíṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹgbẹ́ tí àwọn tí ń tajà àti àwọn tí ń ṣojú òṣìṣẹ́ jọ wà nínú rẹ̀ tó béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó láti fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rinlẹ̀ tó.

Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù, tí De Gucht wà nínú rẹ̀, kò ṣe ohun tí wọ́n béèrè. Ohun tí ó sọ ni pé òun yóò máa bá Kòréà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tí àwọn aláṣẹ máa ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó yí padà. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2015, wọ́n mú Han Sang-gyun, ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní KCTU, nítorí ìwọ́de tí ó ṣáájú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ ní kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tí wọ́n dín kù sí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2016, Ẹgbẹ́ Olùdámọ̀ràn tún kọ̀wé, lọ́tẹ̀ yìí sí Cecilia Malmström tí ó ti gba ipò De Gucht. Ní ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù náà fọwọ́ sí ìpinnu tí ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú Kòréà. Oṣù yẹn kan náà ni àwọn ará Kòréà dìbò yan Moon Jae-in sípò ààrẹ, ẹni tí ó ti ṣèlérí pé òun yóò buwọ́ lu àwọn ìwé àdéhùn ILO tó ṣẹ́kù.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 2018, EU béèrè fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ọdún márùn-ún ku oṣù kan ti kọjá. Mo ka iye oṣù yìí nítorí pé ó sọ ohun tí ìròyìn ìjọba kì í sọ: kì í ṣe ní Seoul ni ìdádúró tí ó gùn jùlọ nínú ọ̀ràn yìí ti wáyé bí kò ṣe ní Brussels, láàárín àwọn aráàlú tí ó kọ̀wé àti ìjọba tiwọn tí ó gba ìwé náà. Ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí ìpàdé irú èyí fi máa ń sú àwọn ẹgbẹ́ aráàlú, kí ó wo ọdún márùn-ún yẹn.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yá. Àwọn méjèèjì pàdé ní Seoul ní oṣù Kìíní, ọdún 2019, wọn kò sì rí ojútùú. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2019, EU ní kí wọ́n gbé Ìgbìmọ̀ Àwọn Onímọ̀ kalẹ̀, ìyẹn àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà tí wọn yóò sì dá a, ìgbà àkọ́kọ́ tí EU ṣe irú rẹ̀ lábẹ́ orí ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́ nínú àdéhùn òwò èyíkéyìí. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n yàn: Jill Murray láti Ọsirélíà gẹ́gẹ́ bí alága, Laurence Boisson de Chazournes tí EU yàn, àti Jaemin Lee tí Kòréà yàn. Ìgbìmọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 2019. Ọjọ́ 90 ni àdéhùn fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láti parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n àrùn kòrónà dé, ìgbẹ́jọ́ sì di ti orí ẹ̀rọ ayélujára ní ọjọ́ 8 àti 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti ìhà méjèèjì fi àlàyé tiwọn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe olùpẹ̀jọ́ tàbí olùjẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ sì gba àwọn ìwé náà wọlé.

Àríyànjiyàn tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú ẹjọ́ náà kò kan ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tàbí ẹnikẹ́ni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Ó kan ohun tí àdéhùn òwò jẹ́. Kòréà sọ pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó bá tan mọ́ òwò láàárín àwọn méjèèjì nìkan ni orí kẹtàlá kàn, àti pé òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó kan gbogbo ìlú, láti orí olùkọ́ dé orí awakọ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bí èyí bá dúró, ẹjọ́ ti parí nìyẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ta ni yóò fi hàn pé lílé olùkọ́ mẹ́sàn-án sọ iye ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Jámánì di púpọ̀ tàbí díẹ̀?

Ìgbìmọ̀ Àwọn Onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ Abala 13.4 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì rí i pé ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ lé lórí kò ṣeé pín sí méjì, kí èyí kan òṣìṣẹ́ tí ohun tó ṣe ń lọ sí òkè òkun, kí ó má sì kan ẹni tí ohun tó ṣe wà nílé. Kòréà tún sọ pé òun kò tíì buwọ́ lu nọ́ńbà 87 àti 98, nítorí náà wọn kò lè fi wọ́n mú òun. Ìdáhùn ìgbìmọ̀ sí èyí ni pé jíjẹ́ ọmọ ILO fúnra rẹ̀ ti gbé ojúṣe lé orílẹ̀-èdè lórí nípa òmìnira láti kó ẹgbẹ́ jọ, yálà ó buwọ́ lùwé tàbí kò buwọ́ lù ú, àti pé àdéhùn òwò náà ti wá sọ ojúṣe yẹn di ohun tí àwọn méjèèjì jẹ ara wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjẹ́jẹ̀ẹ́ tí ó wà nínú Abala 13.4 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó de àwọn tí ó sọ ọ́. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ láti ọdún pípẹ́ pé orí kẹtàlá kò ní eyín yóò mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó.

Wọ́n fi ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 2021 sórí ìdájọ́ náà, wọ́n sì gbé e jáde ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìgbìmọ̀ gbè sẹ́yìn EU lórí ohun mẹ́ta. Ó ní bí òfin Kòréà ṣe túmọ̀ òṣìṣẹ́ ti há jù, nítorí ó ti àwọn kan lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn, àwọn tí wọ́n lé àti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ síta. Ó ní kò tọ́ láti sọ pé ẹgbẹ́ tí ó bá gba irú wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó sì ní kò tọ́ kí òfin pàṣẹ pé láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ ti lè yan olóyè. Lórí ohun kẹrin, ìyẹn bí ìjọba ṣe ń fi orúkọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, EU kò fi ẹ̀rí tó tó hàn. Lórí bíbuwọ́ lu àwọn ìwé àdéhùn ILO, ìgbìmọ̀ sọ pé ìsapá Kòréà kò dára tó bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò burú débi tí a fi lè ní ó da àdéhùn, nítorí pé láti ọdún 2017 ó ti ń gbé ìgbésẹ̀ tí a lè rí, àdéhùn náà kò sì dá ọjọ́ kankan. Àwọn kan bínú sí apá ìkẹyìn yìí. Èmi gbà pé bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nínú ìwé ni ìgbìmọ̀ ṣe kà á. Àwọn tí ó kọ ìwé ni kò dá ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí wọn kò ṣe dá ọjọ́ fún èsì lẹ́tà.

Kí ìdájọ́ tó jáde ni nǹkan ti ń yí padà nílé. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Kòréà ní ìgbésẹ̀ tí ìjọba gbé lórí Jeongyojo kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún yẹn, ilé aṣòfin tún òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe, kí àwọn tí wọ́n lé àti àwọn tí kò níṣẹ́ lè wà nínú ẹgbẹ́. Òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje, ọdún 2021. Síbẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ni ó lè jẹ́ olóyè. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2021, ilé aṣòfin fọwọ́ sí nọ́ńbà 29, 87 àti 98, wọ́n sì fi ìwé wọn lé ILO lọ́wọ́ ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin. Oṣù mẹ́ta gééré lẹ́yìn ìdájọ́ ni.

Ta ni kí a fi iyì èyí fún? Àwọn òṣìṣẹ́ Kòréà ni wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́, tí wọ́n wọ́de, tí olórí wọn ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn ni wọ́n sì dìbò. Yóò jẹ́ àbùkù fún wọn bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yúróòpù ni ó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lòdì sí òfin tuntun nínú ilé aṣòfin kò kéré, ìwé òfin tí ìjọba kọ́kọ́ gbé wá ní ọdún 2019 sì ti kú nígbà tí sáà ilé náà parí ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2020. Ìjọba tí ó bá fẹ́ ṣe ohun tó tọ́ nílò ohun tí yóò fi hàn àwọn alátakò pé owó wà níbẹ̀, pé orúkọ orílẹ̀-èdè lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń bá ṣòwò wà níbẹ̀. Ẹjọ́ yìí pèsè ohun náà, kì bá sì ti sí ẹjọ́ bí kò bá sí lẹ́tà ọdún 2014.

Ohun tí ìdájọ́ náà kò lè ṣe ni kí ó fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ní apá tó kù nínú àdéhùn, ẹni tí ó bá jẹ̀bi lórí owó ibodè lè pàdánù àǹfààní òwò títí yóò fi ṣe àtúnṣe. Orí kẹtàlá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú ètò yẹn: àwọn méjèèjì yóò sa gbogbo ipá wọn láti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ yóò máa ṣọ́ ọ, wọn yóò sì fún àwọn Ẹgbẹ́ Olùdámọ̀ràn ní ìwé ìdájọ́ náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

EU kọ́ nǹkan nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020 ó yan aláṣẹ àgbà kan tí yóò máa rí sí ìmúṣẹ àdéhùn òwò, ó sì ṣí ibì kan ṣoṣo tí àwọn ẹgbẹ́ lè mú ẹ̀sùn wá. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ kéde pé nínú àwọn àdéhùn tí ń bọ̀, ìyà lè tẹ̀ lé rírú ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́ bí ó bá le gan-an, pé ipò àwọn Ẹgbẹ́ Olùdámọ̀ràn yóò lágbára sí i, àti pé àsìkò yóò wà fún bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀sùn yẹ̀ wò. Àdéhùn pẹ̀lú New Zealand, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ni àkọ́kọ́ tí ó gbé ètò tuntun náà wọlé. Mo gba ti ìyà tí wọ́n fi kún un, ṣùgbọ́n ti àsìkò ni mo mú ní ọ̀kúnkúndùn jù, nítorí pé ìyà kò wúlò fún ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn.

Ní Kòréà, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn kò tán. Nígbà tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 24, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ìjọba tuntun tí ó ti gbapò pàṣẹ fún wọn láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ìjọba náà sì ń tẹnu mọ́ ni pé oníṣòwò aládàáni ni àwọn awakọ̀ náà, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ìyẹn gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ ti dá ẹjọ́ lé lórí ní oṣù méjìlélógún ṣáájú, ìwé àdéhùn nọ́ńbà 87 sì ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ náà láti oṣù Kẹrin, ọdún 2022. Nọ́ńbà 105 nìkan ni wọ́n kò fi lé ILO lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù ní ọdún 2021. Ìjọba ní òfin ilẹ̀ náà ṣì ní ẹ̀wọ̀n tòun ti iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó jẹ mọ́ òṣèlú, kò sì tíì ṣeé ṣe láti mú méjèèjì bára mu. Ìlérí ìsapá láìdáwọ́ dúró tí ó wà nínú Abala 13.4 bo nọ́ńbà 105 náà, àwọn Ẹgbẹ́ Olùdámọ̀ràn méjèèjì sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́.